Àwa la mọ ilé, Olókun ló ń fi ẹ̀mí sí i

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà ilẹ̀, mo júbà omi. Mo júbà àwọn tó ti lọ, pàápàá àwọn tí òkun gbé mì tí ẹnikẹ́ni kò sin. Ìbà yín, ẹ̀yin àgbà ilé àti ti oko. Kí ìbà mi ṣẹ o.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ọmọ òrìṣà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Yorùbá, tí ẹ ń ka èyí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ iyùn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe iyùn tó wà lọ́rùn wa nìkan. Iyùn tó wà lábẹ́ òkun ni, èyí tó ń kú lọ, àti ilé tí àwọn èèyàn ń fi kọnkéré mọ sí ìsàlẹ̀ omi kí iyùn lè rí ibi dì mọ́.

Ẹ lè ní, "Ìyá, kí ló kan òrìṣà nínú ìyẹn?" Ó kàn án dáadáa. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan kí wọ́n tó gbé ohunkóhun sínú òkun: ǹjẹ́ ohun alààyè lè gbé lára èyí? Èmi gbà pé ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí àwa náà máa bi ara wa nígbàkigbà tí a bá gbé ẹbọ lọ sétí òkun.

Iyùn, ẹ̀dá tó ń mọ ilé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí a mọ̀. Iyùn pupa tí àwọn ọba àti ìjòyè wa ń wọ̀, inú òkun ló ti wá. Òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Áfíríkà àti Yúróòpù ni àwọn oníṣòwò ti ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ wá sí ilẹ̀ wa láyé àtijọ́. Àwọn ará Ẹ̀dó ní ìtàn tiwọn pé ọwọ́ Olókun ni Ọba Ewuare ti rí iyùn gbà. Iyùn ọrùn yẹn àti iyùn tó ń mọ òkè sínú omi ní Florida, ní Cuba àti ní Bahia, ẹbí ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Iyùn pupa lè gbé inú òkùnkùn. Àwọn tó ń mọ òkè, oòrùn ni wọ́n fi ń jẹun.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òkúta ni iyùn. Àwọn mìíràn rò pé igi ni, nítorí pé ó ní ẹ̀ka. Rárá o, ẹranko ni. Ẹranko kékeré ni, ẹnu rẹ̀ ń wo òkè, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí ẹnu náà ká. Ó máa ń yọ ohun funfun kan jáde láti inú omi òkun, òun ló fi ń mọ ilé sábẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gba òrìṣà lọ́dọ̀ àwọn ará Cuba mọ ẹfun tí wọ́n ń fi èèpo ẹyin lọ̀. Ohun tó wà nínú èèpo ẹyin yẹn, òun náà ló wà nínú egungun iyùn. Tí iyùn bá kú, ilé rẹ̀ kì í bá a lọ. Òmíràn á wá jókòó lé e lórí, á tún mọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òkè iyùn ṣe ń ga, ìran lórí ìran. Ẹ ò rí i pé ó jọ ìdílé? Orí egungun àwọn tó ti lọ ni àwa náà dúró lé.

Ó tún kù. Nínú ara iyùn ni ewé omi tín-tìn-tín ń gbé, ojú lásán kò lè rí i. Ewé yìí ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó ń se oúnjẹ, ó sì ń fún iyùn jẹ. Iyùn ní tirẹ̀ ń fún un nílé. Àjọṣe gidi nìyẹn. Àmọ́ tí omi bá gbóná jù, àjọṣe yẹn á dàrú, iyùn á lé ewé náà jáde. Àwọ̀ á bọ́ lára rẹ̀, á funfun báláú. Ẹ má ṣì í mú o, funfun yẹn kì í ṣe funfun Ọbàtálá. Funfun ebi ni. Bí ooru bá tètè rọlẹ̀, ewé lè padà sílé. Bí kò bá rọlẹ̀, iyùn á kú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní gúúsù Florida, ẹnu ọ̀nà yín ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Òkè iyùn tó wà níbẹ̀ gùn tó bíi 350 máìlì, láti Dry Tortugas títí dé St. Lucie Inlet. Òun ló ń fọ́ agbára ìgbì kó tó dé etíkun. Òun ni ẹja ń sá sí, òun ni wọ́n ń bímọ sí. Ní ọdún 2014, àrùn kan yọ nítòsí Miami tó ń jẹ ẹran ara iyùn. Ó ti tàn ká òkè náà, ó sì ti dé àwọn erékùṣù Caribbean. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru omi ní Manatee Bay, níbi tí omi kò ti jìn, fi hàn pé omi gbóná ju 38 dìgírì Celsius lọ. Ẹ ronú sí i ná! Omi tí a gbé kaná fún ìwẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń tọ́ ọmọ iyùn nínú òkun ní láti yọ wọ́n ní wàrà-wàrà, wọ́n kó wọn wá sínú àgbá omi lórí ilẹ̀, bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ rẹ̀ sá jáde nínú ilé tó ń jó.

Nítorí náà ni àwọn èèyàn ṣe ń wá ọ̀nà láti mọ ilé fún iyùn. Ibi tí òkè ti fọ́, ibi tí iyanrìn ti bo gbogbo ilẹ̀, ọmọ iyùn kò rí ohun tó le tó lè dì mọ́. Tí a bá gbé ohun tó le síbẹ̀, bóyá á rí ibi gbé. Àmọ́ irú ohun wo? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Orí tí kò jinná

Ẹ jẹ́ ká yà sílé Àjàlá. Ọ̀rọ̀ ara mi ni màá fi sọ ìtàn yìí, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Ifá mọ ibi tó ti wá. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ láti ọ̀run wá sáyé: Oríseékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n rí orí tó tóbi, tó ń dán, wọ́n gbé e, ó di ọ̀nà ayé. Wọn kò mọ̀ pé iná kò jẹ orí náà dénú. Òjò bá wọn lọ́nà. Òjò pa á, pa á, orí bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó ń já bọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Kí wọ́n tó dé ayé, díẹ̀ ló kù.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, ó rúbọ, ó mú iyọ̀ àti owó dání. Ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un ní iyọ̀, oníbodè náà sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó san gbèsè tó lé Àjàlá sá pamọ́ sórí àjà. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wá bá a wá orí: ó ń fi ọ̀pá irin lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan èyí tó dún rere. Òjò pa orí yẹn títí, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ohun tó dára lójú kọ́ ló lè gba òjò. Ká tó gbé e, ká kọ́kọ́ béèrè. Ká lù ú, ká gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fort Lauderdale. Ní nǹkan bí ọdún 1972, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da táyà àlòkù sínú òkun níbẹ̀. Bíi mílíọ̀nù 2 táyà ni. Wọ́n fi irin àti okùn náílọ́ọ̀nù dì wọ́n pọ̀, wọ́n ní kí wọ́n di òkè tuntun fún ẹja àti iyùn. Osborne Reef ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ṣe ayẹyẹ sí i: wọ́n kun táyà kan ní àwọ̀ wúrà, wọ́n sì jù ú sísàlẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfúrufú Goodyear tó dà bíi bàlúù ńlá. Èrò wọn kò burú o. Òkun á rí ilé, ilẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ pàǹtí. Orí tó tóbi, tó ń dán nìyẹn.

Iyọ̀ òkun jẹ irin tó dì wọ́n. Okùn já. Táyà kì í wúwo nínú omi, ìgbì àti ìjì wá ń gbé wọn káàkiri. Iyùn kò lè dì mọ́ ohun tí kò dúró sójú kan. Èyí tó burú jù ni pé táyà tó ń yí kiri ń lọ gbá òkè iyùn gidi tó wà nítòsí, ó ń ha á, ó ń fọ́ ọ. Ohun tí wọ́n ní kó gba iyùn là ló padà ń pa á. Láti ọdún 2007 ni àwọn ọmọ ogun tó mọ̀ ọ́n wọ ìsàlẹ̀ omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kó o, àwọn agbaṣẹ́ṣe mìíràn sì tún tẹ̀ lé wọn. Ọwọ́ ni wọ́n ń fi so ó, kí wọ́n tó fà á sókè. Dídà á sómi rọrùn. Kíkó o jáde ti gba ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ rẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀.

Ilé tí òkun lè gbà

Ẹ jẹ́ ká wá wo ti àwọn tó béèrè ọ̀nà. Kí ni wọ́n rí?

Àkọ́kọ́, ohun tí a bá gbé sínú òkun gbọ́dọ̀ wúwo, kó sì fìdí múlẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní láti fẹ̀ ju òkè rẹ̀ lọ, kí ìjì má lè dojú rẹ̀ dé.

Èkejì, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ṣákaṣàka. Ohun tó ń dán kò ní ibi tí ọmọ iyùn lè fara pamọ́ sí. Ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n ń lò káàkiri ayé ni èyí tí wọ́n ń pè ní Reef Ball. Ó dà bí igbá ńlá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo, ihò sì wà yí i ká. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, wọ́n máa ń fi omi ṣúgà pa inú ohun tí wọ́n ń da kọnkéré sí. Ṣúgà kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn kọnkéré tètè gan. Tí wọ́n bá wá yọ ọ́, tí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, símẹ́ńtì ẹ̀yìn á ṣàn lọ, òkúta inú rẹ̀ á yọ síta, ara rẹ̀ á di ṣákaṣàka bí ara òkè gidi.

Ẹ̀kẹta, ó gbọ́dọ̀ ní ihò. Ihò ń jẹ́ kí omi kọjá, agbára ìgbì á sì dín kù. Ihò náà ni ẹja kékeré ń wọ̀ sá fún ẹja ńlá. Ẹja tó ń jẹ koríko òkun ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé tí koríko bá bo kọnkéré, iyùn kò ní rí àyè. Ilé tí kò ní àlejò, ìgbẹ́ ló ń dà.

Ẹ̀kẹrin, ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n. Símẹ́ńtì tuntun máa ń ta. Ẹ rántí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, bó ṣe ń bó ọwọ́. Irú agbára yẹn ló wà nínú símẹ́ńtì tí kò tíì pẹ́, ó sì ju ti omi òkun lọ fíìfíì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi ìyẹ̀fun silica sí i kó lè rọlẹ̀, kó sún mọ́ bí omi òkun ṣe rí. Orí tó jinná nìyẹn, ó ti bá ibi tó ń lọ mu kó tó débẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ibi tí a gbé e sí. Ibi tí oòrùn ti ń dé, tí ẹrẹ̀ kì í bò. A kì í gbé e lé orí iyùn tó ṣì ń mí.

Ní ọdún 2023, àwọn ará Yunifásítì Miami gbé ilé kan tí wọ́n ń pè ní SEAHIVE sínú omi ní Miami Beach. Ó ní igun mẹ́fà, inú rẹ̀ ṣófo, wọ́n tò ó léra bí afárá oyin, wọ́n sì gbin iyùn sórí rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló wà fún un: kó dín agbára ìgbì kù fún ìlú, kó sì fún iyùn nílé. Ẹ kíyè sí i, àwọn onímọ̀ wọ̀nyí kò sọ pé àwọn dá iyùn. Ilé ni wọ́n mọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí òrìṣà. Ọbàtálá ń mọ ara, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń fi èémí sí i. Ó ń mọ ọ́n parí, á sì dúró de Olódùmarè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó mọ kọnkéré sínú òkun gbọ́dọ̀ dúró. Ní òru díẹ̀ lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú oṣù Kẹjọ, ọ̀pọ̀ iyùn ní Florida àti ní Caribbean máa ń tú irúgbìn wọn sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ìlù kan. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ jáde kéré jọjọ. Ó ń léfòó, ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń tọ́ ara òkúta wò. Ó ń wá irú koríko òkun kan tó le bí èèpo, tó pupa díẹ̀. Tí ibì kan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kọjá. Tí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á dì mọ́ ọn, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́ láyé. Kí ni àwa ń pe irú yíyàn bẹ́ẹ̀? Àkúnlẹ̀yàn. A kò lè bá a yàn án. Ohun tí a lè ṣe ni pé ká rí i dájú pé ibi tó yẹ kó yàn wà níbẹ̀.

Sùúrù tún ń bẹ níbẹ̀. Lára àwọn iyùn tó rí rìbìtì bí òkúta ńlá, èyí tó ń dàgbà kò tó sẹ̀ǹtímítà 1 lọ́dún wà. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá orí rẹ̀ fún òrìṣà lónìí lè di arúgbó kí irú iyùn bẹ́ẹ̀ tó ga dé orókún rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Òótọ́ mìíràn wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún yín. Kọnkéré tó dára jù lọ láyé kò lè mú omi tutù. Èéfín epo tí gbogbo wa ń sun ló ń mú òkun gbóná, ilé tuntun kò sì lè dá ìyẹn dúró. Àwa olórìṣà ló yẹ kí èyí tètè yé jù. A ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà pé ẹbọ kò rọ́pò ìwà. Ẹni tó rúbọ tí kò yí ìwà padà, ó kàn na owó ni.

Orí òkè yìí ni wọ́n ti kú

Ìdí mìíràn wà tí òkè iyùn Florida fi jẹ́ tiwa. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1827, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ẹrú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Guerrero ń sá fún ọkọ̀ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Cuba ló ń lọ. Ọmọ Áfíríkà 561 ló wà nínú ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. Ọkọ̀ náà kọlu òkè iyùn nítòsí Key Largo, èèyàn 41 kú sómi. Lára àwọn tó yè, èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ṣì kó dé Cuba. Cuba yẹn náà ni ọ̀pọ̀ lára yín ti gba ọ̀ṣà.

Lẹ́bàá Key West, ọkọ̀ Henrietta Marie rì ní ọdún 1700, lẹ́yìn tó ti ta àwọn èèyàn wa ní Jàmáíkà. Wọ́n bá ẹ̀wọ̀n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1993, àwọn òmùwẹ̀ aláwọ̀ dúdú láti inú ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbé òkúta ìrántí tí wọ́n fi kọnkéré ṣe sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ kọ Áfíríkà. Wọn kò gbé e síbẹ̀ nítorí iyùn. Àwọn òkú ni wọ́n ṣe é fún. Àmọ́ ohun tó wúwo, tó le, tó dúró sójú kan nínú omi tó mọ́, ohun alààyè á máa wá a wá.

Irú rẹ̀ tún wà ní Grenada. Ní ọdún 2006, Jason deCaires Taylor, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ère sínú omi ní Molinere Bay. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àwọn ọmọdé tó di ọwọ́ ara wọn mú, tí wọ́n ṣe òbìrìkìtì, tí wọ́n kọjú síta. Ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú tó rí i sọ pé àwọn baba wa tí wọ́n jù sómi nìyẹn. Ẹni tó ṣe é ní kì í ṣe ohun tí òun ní lọ́kàn. Kò burú. Ẹni tó mọ ilé lè má mọ ẹni tó máa wá gbé inú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Diving With a Purpose. Àwọn òmùwẹ̀ aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ń wá ọkọ̀ Guerrero àti irú rẹ̀ lábẹ́ òkun, àwọn náà sì tún ń tọ́jú iyùn. Èmi kò rí iṣẹ́ méjì níbẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Ẹni tó ń tọ́jú ibi tí òkú sùn sí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ibẹ̀ di ahoro.

Ohun tí à ń gbé lọ sétí òkun

Ó wá kù sí ọwọ́ àwa. Ní ilé, odò Ògùn ni Yemọja ti wá, Olókun ló ni òkun. Nígbà tí wọ́n kó wa sọdá, Yemọja bá wa sọdá, ó sì di ìyá òkun fún wa ní Brazil àti ní Cuba. Nítorí náà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ní Salvador, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ní Regla, àti ní etíkun gbogbo tí a bá wà, à ń gbé ẹ̀bùn lọ bá a. Kí ló máa ń wà nínú apẹ̀rẹ̀? Òdòdó ni, èso ni. Ṣùgbọ́n kóòmù oníke náà wà níbẹ̀, ìgò lọ́fínńdà, dígí, ọmọláńgidi, òdòdó oníke, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi fóòmù ṣe.

Àwọn kan á ní, "Òkun tóbi, kò sí ohun tí kò lè gbé mì." Òótọ́ ni, ó gbé mílíọ̀nù 2 táyà mì. Àmọ́ ṣé ó dà nínú rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. À ń sọ pé oúnjẹ dà nínú ẹni, a sì tún ń gbàdúrà pé kí ẹbọ fín, kí ẹbọ dà. Ike kì í dà. Ohun tí kì í dà nínú òkun, báwo la ṣe fẹ́ kó dà lọ́run?

Ní ọdún 2016, Mãe Stella de Oxóssi, ìyálórìṣà Ilê Axé Opô Afonjá ní Salvador, sọ ọ́ ní gbangba pé ilé òun kò ní gbé ẹ̀bùn sínú òkun fún Yemọja mọ́. Orin ni wọ́n máa fi ṣe ẹ̀bùn. Ìyá àgbà tó ju ẹni 90 ọdún lọ ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọmọ tó kàwé yunifásítì bíi tèmi. N kò sọ pé kí gbogbo ilé ṣe bí tirẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní awo tirẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ bi àwọn àgbà yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìbéèrè náà wà lẹ́nu yín nígbà tí ẹ bá ń di apẹ̀rẹ̀: ǹjẹ́ ohun alààyè lè jẹ èyí, tàbí kó gbé lára rẹ̀?

Tí oyin ìrèké bá wà lára ohun tí ẹ fẹ́ fún Ìyá, ẹ dà á sómi, kí ẹ mú ìgò padà sílé. Ẹ já bébà olúwọ̀n tó lẹ̀ mọ́ èso kúrò. Ẹ tú wáyà tó wà lára òdòdó. Tí ọdún bá parí, ẹ má tètè lọ o. Ẹ gbá etíkun náà ju bí ẹ ṣe bá a lọ. Ìjọ́sìn ni ìyẹn náà.

Ẹ wo iyùn àti abẹ̀bẹ̀ òkun tó wà lórí ojúbọ yín àti nínú ìkòkò Olókun. Níbo ló ti wá? Ní Florida, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ká a nínú òkun. Yàtọ̀ sí òfin ìjọba, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń wó ilé òrìṣà kó lè fi ṣe òrìṣà lọ́ṣọ̀ọ́? Èyí tí ẹ jogún, ẹ tọ́jú rẹ̀. Èyí tí ẹnì kan fẹ́ lọ já lónìí, ẹ sọ fún un pé kó fi sílẹ̀. Ẹ bi ìyá tàbí bàbá tó fún yín ní òrìṣà ohun tó lè dípò rẹ̀.

Mo sì bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kó lọ da kọnkéré sẹ́yìn ilé, kó gbé e jù sómi lóru. Iṣẹ́ yìí nílò àṣẹ ìjọba, ó sì nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó da táyà náà ní èrò rere. Ẹ yà lọ́dọ̀ ẹni tó mọ ọ̀nà, bí Afùwàpẹ́ ti yà. Ẹ mú iyọ̀ àti owó dání: ẹ mú àkókò yín, ẹ mú ọwọ́ yín, ẹ mú díẹ̀ nínú owó tí ẹ ì bá fi ra ọmọláńgidi, ẹ lọ bá àwọn tó ń tọ́ ọmọ iyùn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ìsàlẹ̀ omi. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, iṣẹ́ wà lórí ilẹ̀.

Tí òṣùpá oṣù Kẹjọ bá sì kún, tí ẹ bá wà nítòsí omi yẹn, ẹ ta omi tútù sílẹ̀ fún àwọn tó sùn sísàlẹ̀ òkun. Lẹ́yìn náà, ẹ gbàdúrà fún ọmọ iyùn tó ń wá ilé lóru ọjọ́ náà. Ẹni tó da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù.

Kí Olókun gba ohun rere lọ́wọ́ wa. Kí Yemọja má fi ohun burúkú tí a ti jù sí i lára san án fún wa. Kí àwọn tó sùn sórí òkè iyùn rí ilé tó kún fún ìyè yí wọn ká. Kí ọwọ́ wa mọ ohun tó máa jinná, kí òjò pa á, kó má fọ́. Kí ẹbọ wa fín, kó dà. Omi o!

Àṣẹ.